Iná Ojú Aṣọ Funfun

Ọdún tí Ìdàhòmì kó Ìṣàgá, oorun di ohun ọ̀wọ́n ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ̀ka igi bá dá lóko, àwọn obìnrin á sọ ẹrù kalẹ̀, wọn á dẹtí. Bí ajá bá gbó lẹ́yìn odi, baálé ilé á nawọ́ mú ìbọn kó tó béèrè ohun tí ajá rí. Wọ́n ní lẹ́yìn Ìṣàgá, àwa ló kàn. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́, àìmọ̀ yẹn ló sì ń jẹ àwọn èèyàn lọ́kàn ju ogun fúnra rẹ̀ lọ.

Sìlífátù wà lára wọn. Aláró ni, ní àdúgbò Òwu, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbúnwọ́, kò sí ọṣẹ tó ràn án. Láwàlì ọkọ rẹ̀, tó ń ṣòwò aṣọ, ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Èkó láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, kò sì tíì dé. Àwọn tó kù nílé ni Bùsírátù, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ dànù, àti ìyá Láwàlì, Ìyá Àgbà Kùdírátù. Mọ́ṣúdù, àbúrò Láwàlì, ń gbé ní agbo ilé kan náà, òun ló ń mójú tó wọn.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ Òwu àtijọ́ ni, Òwu tí ogun fọ́ tí wọ́n sì dáná sun kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtitẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè nípa ìlú náà, á ní, "Ìlú ni. Ó ti tán," á sì máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Kùdírátù ni orúkọ tó gbà nígbà tó di mùsùlùmí nílé ọkọ. Orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ Sìlífátù ni Harriet, obìnrin Sàró tó ń ránṣọ, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń rẹ aró. Ọmọ Ẹ̀gbá ni àwọn òbí rẹ̀, Sàró ni wọ́n ti bí i, òun àti Herbert ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ni wọ́n jọ padà wálé. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, Harriet wá sí ìdí ìkòkò aró, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Sìlífá, wá wo nǹkan nílé wa lọ́sàn-án ọ̀la. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan fi àpótí àwòrán ránṣẹ́ láti Sàró. Àwòrán inú rẹ̀ ń rìn."

"Àwòrán ń rìn? Ẹsẹ̀ ta ló fi ń rìn?"

"Bí mo bá sọ fún ọ, o ò ní gbà gbọ́. Mú ọmọ rẹ dání."

Nígbà tí Mọ́ṣúdù gbọ́, ó fajú ro. "Ìyàwó wa, mi ò fẹ́ràn ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti fèrèsé kó tó lè rí i."

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ọjọ́ mélòó la ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn nínú ilé yìí? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rẹ́rìn-ín."

Ìyá Àgbà ló gbé orí sókè nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. "Èmi náà á lọ," ó ní. Ẹnu yà wọ́n, nítorí kì í lọ síbì kankan. Bùsírátù fò mọ́ ọn lọ́rùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n fi ẹní àti aṣọ dí gbogbo fèrèsé pálọ̀ Herbert pa, inú ilé sì ṣókùnkùn bí inú àká. Àwọn èèyàn kún ibẹ̀: àwọn Sàró, àwọn aládùúgbò, obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n, àgbà tó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá. Wọ́n kó àwọn ọmọdé síwájú lórí ilẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó ní ooru ń mú òun. Lára ògiri, Herbert ta aṣọ funfun kan. Níwájú aṣọ náà, ó gbé àpótí páànù kan sórí tábìlì, àpótí tó ní ojú kan ṣoṣo tó yí róbótó, tó sì ní ihò lórí tí èéfín ń gbà jáde. Ó tan fìtílà sínú rẹ̀. Òórùn epo gba ilé.

"Ẹ má bẹ̀rù o," Herbert ní. "Dígí ni wọ́n ya àwòrán sí lára. Iná fìtílà ló ń gbé e lọ sára aṣọ."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ, nítorí òdòdó pupa kan ti là lára aṣọ náà, ó tóbi bí agbòòrùn, ó ń yí, àwọ̀ ń ti inú àwọ̀ jáde. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò pè é, ó ti lọ. Ọkùnrin arúgbó kan dé, ó sùn lórí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Eku kan ti ìsàlẹ̀ ibùsùn jáde, ó gun àyà rẹ̀, ó kó sí i lẹ́nu. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé, ó gbé e mì. Òmíràn tún dé. Ẹ̀rín bú yàà. Bùsírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sórí ọmọ tó jókòó tì í.

"Tún un ṣe! Káfíńtà, tún un ṣe!"

Herbert tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú omi kan wọlé, ìgbì ń gbé e sókè sódò, àwọn àgbà Sàró tó wà níbẹ̀ sì dákẹ́ lójijì, olúkúlùkù ń rántí ọkọ̀ tó ti gbé òun rí. Egungun òkú kan tẹ̀ lé e, ó ń jó. Ó yọ orí ara rẹ̀, ó jù ú sókè, ó tún dé e padà bí ẹni dé fìlà. Àwọn obìnrin ké, wọ́n bojú, wọ́n ń ti àárín ìka wò ó. Bó ti lọ tán báyìí, àwọn kan náà ló ń pariwo pé kó tún padà wá.

Sìlífátù jókòó lẹ́bàá ògiri, àyà rẹ̀ ń já, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tí yóò mú nínú méjèèjì. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó máa ń fi òjìji ọwọ́ ṣe ehoro àti ajá lára ògiri níwájú iná ìdáná. Ajá á lé ehoro, ehoro á fò, ìyá rẹ̀ á ká ọwọ́ kò, eré tán. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún pé kó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nínú ohun tí kì í pẹ́ rárá, tí èèyàn fi ń fẹ́ ẹ tó báyìí? Bóyá nítorí pé kì í dúró kí èèyàn yó ni. Èyí tó ń pa ni lẹ́rìn-ín, èyí tó ń dẹ́rù bani, èyí tó ń múni rántí ilé, kò sí èyí tó gùn ju ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ awẹ́ obì kan tán.

Herbert wá fi dígí mìíràn bọ̀ ọ́. Ìlú kan ni, ilé rẹ̀ sún mọ́ra, ilé òyìnbó gíga, ojú ọjọ́ pa rọ́rọ́. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Herbert rọra ń fa dígí kejì wọlé lé e lórí. Pupa kan yọ lẹ́yìn ilé kan. Ó fò mọ́ òrùlé. Ó mú òrùlé kejì. Èéfín gòkè, iná ń jó lala lára aṣọ funfun náà, ojú àwọn ọmọdé iwájú sì pọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó ké. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn kan ti ẹ̀yìn wá, ohùn tí kò ròkè rárá.

"Wọ́n ti wọlé."

Ohùn náà wá ròkè, ó ya bí aṣọ. "Wọ́n ti wọlé! Iná! Ẹ gbé ọmọ! Ẹ gbé ọmọ!"

Ni ilé bá dàrú. Àwọn èèyàn ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Wọ́n já aṣọ náà lulẹ̀, tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí, wọ́n gbá Sìlífátù mọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mí. "Bùsírá!" ó ń ké, ṣùgbọ́n gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ló ń pe orúkọ ọmọ tirẹ̀. Àwọn tó wà níta gbọ́ "wọ́n ti wọlé," wọn kò béèrè ta ni. Ẹnì kan ké pé, "Ìdàhòmì ti wọlé o!" Ariwo náà gba ojú ọ̀nà lọ bí iná ọyẹ́. Ìbọn dún lórí odi. Kí Sìlífátù tó rí ọ̀nà jáde, gbogbo Òwu ti ń sá, ẹlòmíràn gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó, ẹlòmíràn fa ewúrẹ́, àwọn kan ń sá lọ síbi tí àwọn kan ti ń sá bọ̀.

Ó padà wọ pálọ̀. Kò sí Bùsírátù. Ó sáré délé, ó yẹ abẹ́ ibùsùn wò, ó yẹ inú àwọn ìkòkò aró wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí Bùsírátù. Ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé, kò sẹ́ni tó dúró dá a lóhùn.

Nígbà tí àwọn tó wà lórí odi wá kígbe sísàlẹ̀ pé àwọn kò rí ogun kankan, ìtìjú mú àwọn èèyàn, ìtìjú náà sì yára di ìbínú. Wọ́n ya sí ilé Herbert. Mọ́ṣúdù ló ṣáájú, kùmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Káfíńtà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Herbert dúró níwájú àpótí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán níwájú orí rẹ̀ níbi tí tábìlì ti gbá a. "Mọ́ṣúdù, mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀."

"Mo rí i!" obìnrin kan ní. "Ọmọ yẹn ló sún mọ́ aṣọ náà jù lọ. Iná yẹn ló gbé e mì."

"Ẹ fọ́ àpótí náà!"

"Bẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, báwo ni ọmọ yóò ṣe jáde?"

Ìyẹn mú kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀rù àpótí náà ń ba àwọn tó fẹ́ fọ́ ọ gan-an. Sìlífátù gba àárín wọn kọjá. Kò gbà gbọ́, kò sì lè ṣàìgbàgbọ́. Ojú rẹ̀ ló rí arúgbó àti eku, ọkọ̀ àti òkú, tí wọ́n wá láti inú páànù yẹn tí wọ́n sì padà síbẹ̀. Kí ni yóò dá ọmọ kékeré dúró tí kò fi ní bá wọn lọ?

"Herbert," ó ní. "Bí wọ́n bá kúrò lára aṣọ, ibo ni wọ́n ń lọ?"

"Wọn kì í lọ síbì kankan, Sìlífátù. Dígí ni wọ́n." Ó ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà. Fìtílà ṣì ń jó nínú rẹ̀. "Ẹ wá wò ó. Ẹnikẹ́ni kó wá wò ó."

Kò sẹ́ni tó mira. Mọ́ṣúdù pàápàá dúró síbi tó wà, ó di kùmọ̀ rẹ̀ mú pinpin. Sìlífátù wo ẹnu àpótí náà. Ó rò pé bí òun bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ohun kan á di òun mú, á fa òun wọlé. Lẹ́yìn náà ó rò pé bí ọmọ òun bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí òun lọ. Ó sọ pé "Bìsímílláì," ó ki ọwọ́ bọ inú àpótí dé ìgbúnwọ́.

Páànù gbígbóná jó o. Ó ké, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́. Ó fọwọ́ wá a yíká, fìtílà, páànù, dígí róbótó, kò sí nǹkan mìíràn. Nígbà tó fà á jáde, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó sì di dígí tí wọ́n ya iná ìlú náà sí mú. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kí gbogbo wọn rí i. Iná tó lé gbogbo Òwu jáde nílé kò tó èékánná ìka kékeré.

"Kò sí níbẹ̀," ó ní. "Ẹ wò ó. Ọmọ mi ò sí níbẹ̀. Ẹ bá mi wá a."

Mọ́ṣúdù rẹ kùmọ̀ sílẹ̀. Harriet ti ń fi aṣọ tútù di ọwọ́ Sìlífátù nígbà tó dúró lójijì.

"Sìlífá. Ìyá Àgbà dà?"

Wọ́n wo ara wọn. Láti ìgbà tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì béèrè rẹ̀. Sìlífátù gbọ́ ohùn yẹn padà, ohùn ẹ̀yìn ilé tó ní "Wọ́n ti wọlé," ó sì mọ ẹni tó ni ín.

Oníbodè ló fún wọn ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó ní nígbà tí gbogbo ará oko ń ya wọlé, ìyá arúgbó kan pọn ọmọ, ó ń jáde lọ. "Mo ní, Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ, inú ìlú la ń sá wọ̀! Kò wo ojú mi. Ọ̀nà Ọ̀fàdà ló gbà. Ọmọ náà ń sunkún."

Wọ́n jáde, Sìlífátù, Mọ́ṣúdù, Harriet àti Herbert. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Lẹ́yìn odi, ọ̀nà náà ṣófo bí ọ̀nà ibojì. Ní àwọn oṣù yẹn, ajínigbé kò jìnnà sí oko ẹnikẹ́ni. Àná òde yìí ni wọ́n ṣì kó ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ nídìí ẹ̀gẹ́. Koríko ti gbẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń ró ṣá ṣá, gbogbo ìró rẹ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ èèyàn. Sìlífátù la ẹnu láti pe orúkọ ọmọ rẹ̀, Mọ́ṣúdù bo ẹnu rẹ̀.

"Má pe ẹnikẹ́ni. A ò mọ ẹni tí yóò dáhùn."

Wọ́n rí gèlè Ìyá Àgbà lára ẹ̀gún. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni koríko ti tẹ̀, ó gba ẹ̀yìn oko kan lọ síbi tí àpáta mẹ́ta fara ti ara wọn. Kò sí ìró kankan níbẹ̀. Sìlífátù ti ń retí ẹkún, ìdákẹ́jẹ́ náà sì bà á lẹ́rù ju ohunkóhun tó ti rí láti àárọ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àárín àpáta. Ẹsẹ̀ kékeré kan ló kọ́kọ́ rí.

Ìyá Àgbà jókòó sínú ihò náà, ó fi ìró rẹ̀ bo ara rẹ̀ àti ọmọ. Ó gbé Bùsírátù lé itan, apá rẹ̀ kan dè é mọ́yà, ọwọ́ kejì bo ẹnu àti imú rẹ̀ pinpin. Ojú ọmọ náà ti yí sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá!" Mọ́ṣúdù fò síwájú. Arúgbó náà sún wọ inú lọ́hùn-ún, ó tún tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn sí i. Sìlífátù fi gbogbo agbára fa Mọ́ṣúdù sẹ́yìn.

"Ẹ dúró! Ẹ má fò mọ́ wọn!" Ó kúnlẹ̀. "Ìyá, èmi Sìlífátù ni. Àwòrán ni. Àwòrán Herbert lásán ni."

Ojú Ìyá Àgbà kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ìyá, ọmọ yẹn kò lè mí."

"Ó dákẹ́ ni," Ìyá Àgbà ní, wúyẹ́wúyẹ́. "Ọmọ dáadáa ni. Bó bá dákẹ́, wọn ò ní rí wa."

Sìlífátù rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò lè dé ibi tí ìyá yìí wà. Òun ló gbọ́dọ̀ lọ bá a níbẹ̀. Ó rá wọ inú ihò náà, ó jókòó ti arúgbó náà, èjìká kan èjìká, bí ẹni tí wọ́n jọ ń sá pamọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ti kọjá."

Arúgbó náà kò mira.

"Mo rí ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ti gba ọ̀nà odò lọ."

"Àwọn ẹlẹ́ṣin ńkọ́?"

"Àwọn ló kọ́kọ́ lọ."

"O rí wọn? Ojú rẹ ló rí wọn?"

"Ojú mi ni, Ìyá. Iná ti kú. Kò sẹ́nì kankan lójú ọ̀nà mọ́."

Ìyá Àgbà dẹtí sílẹ̀. Ó dẹtí fún ìgbà tó pẹ́ lójú Sìlífátù bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Sìlífátù já ọmọ gbà, ó gbé e dojú sókè. Kò mí. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ó ń pe orúkọ rẹ̀, kò bìkítà ẹni tó lè gbọ́ mọ́. Àyà kékeré náà sọ kúlú, ó fa èémí kan tó dún bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya, ó fa òmíràn. Ó wá figbe ta.

Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ọn. Ìyanu tó wà lójú rẹ̀, Harriet ní òun kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé.

"Ó ń sunkún," ó ní. "Èyí ń sunkún."

Ara rẹ̀ tú, ó ṣubú mọ́ àpáta. Mọ́ṣúdù ló gbé e wálé lẹ́yìn, ó ń sunkún bí ó ti ń lọ, kò bo ojú rẹ̀.

Ìyá Àgbà kò sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ fi gorí ọjọ́. Ní àárọ̀ kan, nígbà tí Sìlífátù ń fún un ní ẹ̀kọ mu, ó bẹ̀rẹ̀ láìsí pé wọ́n bi í. Ó ní nígbà tí Òwu ń jó, òun pọn ọmọ kan sẹ́yìn, àkọ́bí òun, ọmọbìnrin tí kò tíì rìn. Òun àti àwọn obìnrin mìíràn sá pamọ́ sínú igbó. Àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá nítòsí débi pé wọ́n ń gbọ́ èémí ẹṣin. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn obìnrin yòókù wo òun. Wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wo òun ni.

"Nígbà tí wọ́n kọjá tán, mo gbé ọwọ́ kúrò," ó ní. "Mo rò pé ó sùn ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá Láwàlì kú, kò mọ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́."

Sìlífátù dì í mú. Ohun tó ń bá a jà kì í ṣe àánú nìkan. Ẹ̀rù obìnrin náà ń bà á, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, àárín ọmọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń sùn, ọwọ́ tó jóná yẹn ló sì máa ń nà sára ọmọ lóru láti mọ̀ bóyá ó ń mí. Bùsírátù kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀ mọ́. Bí arúgbó náà bá wọlé, á jáde. Ìyá Àgbà rí i. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyẹn ni Sìlífátù kò lè fara mọ́. Ó lọ bá Mọ́ṣúdù pé òun fẹ́ kí wọ́n ṣe àdúà fún ọmọ tó kú ní Òwu. Mọ́ṣúdù ronú, ó ní ọmọ náà kì í ṣe mùsùlùmí, kò sì mọ ohun tí àwọn àlùfáà yóò wí. Wọ́n lọ bi Àlùfáà Ṣéhù, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

"Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì," Àlùfáà ní, "ta ni yóò bi í ní ẹ̀sìn tó ń ṣe? Ẹ din àkàrà, mò ń bọ̀."

Wọ́n ṣe é ní ọjọ́ Jímọ̀. Harriet àti Herbert wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn, Herbert ṣí fìlà. Nígbà tí Àlùfáà béèrè orúkọ òkú, gbogbo ojú yí sí Ìyá Àgbà. Àlùfáà dúró dè é.

"Adépéjú," ó ní níkẹyìn. Láti ìgbà tó ti fi í sínú ilẹ̀, kò tíì pè é rí.

Lẹ́yìn àdúà, nígbà tí wọ́n ń pín àkàrà, Bùsírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo arúgbó náà láti òkèèrè.

"Ìyá Àgbà, ṣé ó ga tó mi?"

"Rárá, ọmọ mi. Kò tíì mọ ìrìn."

Ọmọ náà ronú lórí ìyẹn, ó wá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, kò sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò jáde.

Láwàlì dé nígbà òjò àkọ́rọ̀. Sìlífátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Láwàlì lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Herbert ní tirẹ̀ kò fi iná yẹn han ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń wá bẹ̀ ẹ́ nítorí àwọn àwòrán tó kù, àwọn tó sá jù lọ ni wọ́n sì ń kánjú wá jù. Sìlífátù kò padà síbẹ̀.

Ìdàhòmì wá ní tòótọ́, lẹ́yìn ọdún méjì, ní òwúrọ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láwàlì àti Mọ́ṣúdù lọ sórí odi, Sìlífátù bá àwọn obìnrin gbé omi àti ẹ̀tù lọ fún wọn. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò ṣọ́ ọmọ àyàfi Ìyá Àgbà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò omi lórí, kò lè lọ, kò lè dúró. Bùsírátù tó ti ga sí i ló sọ fún un pé, "Ẹ máa lọ, Ìyá mi. Mo wà pẹ̀lú Ìyá Àgbà."

Ìbọn ń dún bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada. Ní gbogbo ìgbà tí Sìlífátù bá pín omi ká tán, á sáré padà débi tó ti lè gbọ́ ìró ilé rẹ̀. Nígbà kan tó sún mọ́ ọn, ó gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, igbe ńlá. Ó yọjú láti fèrèsé. Ìyá Àgbà àti ọmọ jókòó sílẹ̀ nígun ilé. Bí ìbọn bá dún, Bùsírátù á figbe ta, á di ìró ìyá bàbá rẹ̀ mú. Ìyá Àgbà ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn ara rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri.

"Ké, ọmọ mi," ó ń wí. "Ké dáadáa. Ké kí n gbọ́."